Kí A Tó Gbé Sípíkà Tuntun Wọ Pálọ̀

Lẹ́tà kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá ọlọ́mọ méjì kan tí ó ń gbé ní Palmgrove, kò jìnnà sí títì Ikorodu. Ó ní nígbà tí àwọn ṣe ìgbéyàwó, ẹ̀rọ orin kékeré kan tí ó ní sípíkà méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju páálí bàtà lọ, ni àwọn ẹbí fi ta àwọn lọ́rẹ. Ó ti di ọdún mẹ́rin tí ẹ̀rọ náà ti ń bá wọn bọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó fẹ́ràn orin jù nínú ilé. Ó ti ń ṣa àwo orin àtijọ́ jọ díẹ̀díẹ̀, etí rẹ̀ sì ti ń mọ ìyàtọ̀ láàárín ohùn tí ó mọ́ gaara àti èyí tí ó kàn ń pariwo. Àjọ tí ó ń dá yóò kàn án láìpẹ́, ó sì fẹ́ yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ láti fi ra sípíkà gidi. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ti lọ rí home theatre gogoro kan tí wọ́n kọ ọ́ sí ara páálí rẹ̀ pé agbára rẹ̀ tó 10,000 wáàtì. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní ọmọ kékeré wà nílé, kí wọ́n má lọ fi ariwo ba etí rẹ̀ jẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sì bi í léèrè pé kí ni obìnrin fẹ́ fi sípíkà ṣe. Ó ní kí n gba òun nímọ̀ràn.

Ọ̀rẹ́ yẹn ni n ó kọ́kọ́ dá lóhùn, nítorí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni ó kúrú jù. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé, ta ni ó ń gbọ́ ẹ̀rọ orin ju ìyàwó ilé lọ? Òun ni ó ń gbọ́ ọ nígbà tí ó ń ṣa ẹ̀wà, nígbà tí ó ń lọ aṣọ, àti nígbà tí ó bá jókòó fi ọmú sí ọmọ lẹ́nu. Ẹ tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín. Ní ọdún 1931, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Alan Blumlein, mú Doreen, obìnrin tí ó di ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn náà, lọ wo sinimá. Ní ayé ìgbà náà, bí òṣèré bá rìn láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún, ojú kan náà ni ohùn rẹ̀ yóò ti máa jáde. Wọ́n ní Doreen ni ọkùnrin náà sọ ọ́ fún pé òun ti mọ ọ̀nà tí ohùn yóò fi máa bá ẹni tí ń sọ̀rọ̀ rìn. Nínú oṣù Kejìlá ọdún náà ni ó fi iṣẹ́ ọpọlọ yìí sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba kí ẹlòmíràn má ba à gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́, òun náà sì ni ohun tí gbogbo wa ń pè ní sitẹrió lónìí. Ọ̀rọ̀ sípíkà ti di ọ̀rọ̀ tọkùnrin tobìnrin láti ìpìlẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lé yín jáde nínú rẹ̀.

Èkó náà kì í ṣe àlejò sí sípíkà. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejìlá ọdún 1935 ni ìjọba àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà fa ètò rédíò wọ ilé àwọn ará Èkó. Àpótí kékeré kan ni wọ́n ń gbé sínú ilé, owó oṣooṣù ni onílé sì ń san lé e lórí. Sípíkà ni ohun tí ó wà nínú àpótí náà; a kì í yí i láti ibùdó kan sí òmíràn, ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ láti orí wáyà ni tọmọdé tàgbà ń gbọ́. Orúkọ náà, asọ̀rọ̀mágbèsì, bá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mu wẹ́kú. Bí àpótí yẹn ti kéré tó, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n gbé e wá ṣe, èyí ni pé kí ọ̀rọ̀ yé ẹni tí ń gbọ́ ọ. Ẹ bá mi fi èyí sọ́kàn, nítorí n ó padà sí i.

Rédíógíráàmù ni ó wá tẹ̀ lé e, àpótí onígi gbọ̀ọ̀rọ̀ tí a ń fi aṣọ funfun tí a fi òwú hun bò lórí. Nígbà tí ó di ọdún 1974, ìgbìmọ̀ tí Olóyè Jerome Udoji ṣe alága fún dábàá pé kí wọ́n fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ìjọba fọwọ́ sí i, wọ́n sì ṣírò àfikún náà padà sẹ́yìn dé oṣù Kẹrin ọdún 1974, tí ó fi jẹ́ pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975, owó oṣù mélòó kan já lu àwọn ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ sitẹrió wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sáré lọ rà, ọjà sì gbówó lórí láàárín ìgbà díẹ̀. Ní èrò tèmi, ìgbà yẹn ni sípíkà gíga di ohun tí a fi ń mọ̀ pé baálé ilé ti rí jájẹ, kò sì tíì kúrò nínú ipò yẹn di òní olónìí.

Ẹ jẹ́ kí a wá yẹ páálí tí ọkọ arábìnrin wa rí wò dáadáa. 10,000 wáàtì! Áyọ́ọ̀nù tí a fi ń lọ aṣọ kì í sábà ju wáàtì 1,000 sí 2,400 lọ, ẹ sì mọ eré tí mítà máa ń sá bí a bá ti ki í bọ iná. Ṣọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́nu mẹ́ta tí ó wà lára ògiri wa kò lè gbé ju nǹkan bí wáàtì 3,000 lọ. Báwo ni ẹ̀rọ tí a ki bọ inú ṣọ́kẹ́ẹ̀tì kan yóò ṣe máa mú 10,000 jáde? Bí ẹ bá wo páálí náà fínnífínní, ẹ ó rí lẹ́tà mẹ́rin kan lẹ́bàá iye náà, PMPO. Ìwọ̀n tí àwọn tí ń polówó ọjà gbé kalẹ̀ fún ara wọn ni èyí, kò sì ní òfin kan tí ó dè é. Bí ó ti wù wọ́n ni wọ́n ń kọ ọ́. Iye tí ẹ ó máa béèrè ni èyí tí a kọ RMS sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí òun ni agbára tí ẹ̀rọ náà lè máa lò fún ìgbà pípẹ́ láìṣe ara rẹ̀ léṣe. Bí ẹ kò bá rí RMS, ẹ yí ẹ̀rọ náà padà, kí ẹ ka ibi tí wọ́n kọ iye iná tí ó ń jẹ sí ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀rọ tí iná tí ó ń jẹ jẹ́ wáàtì 90 kò lè máa pọ 900 jáde. Ẹni tí kò fi ìrẹsì kóńgò mẹ́ta sínú ìkòkò kò lè bu kóńgò mẹ́wàá jáde, àfi bí omi bá kún un.

Ohun kejì tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa wáàtì tún yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Bí a bá sọ agbára di ìlọ́po méjì, láti wáàtì 50 sí 100, decibel 3 péré ni a óò fi kún ohùn, èyí tí etí máa ń ṣàkíyèsí díẹ̀. Kí ohùn tó dà bí ẹni pé ó di ìlọ́po méjì lójú etí wa, a nílò agbára ìlọ́po mẹ́wàá. Nítorí náà ni àwọn tí wọ́n mọ̀ nípa sípíkà ṣe máa ń béèrè iye decibel tí ó ń mú jáde bí a bá fi wáàtì kan ṣoṣo sí i tí a sì dúró ní mítà kan sí i. Sípíkà tí tirẹ̀ jẹ́ 90, tí a fi wáàtì 50 sí, yóò dún bákan náà pẹ̀lú èyí tí tirẹ̀ jẹ́ 87 tí a fi wáàtì 100 sí. Nínú pálọ̀ tí ó mọ níwọ̀n bí èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń gbé, bí a bá ń gbọ́ orin ní ìwọ̀n tí a fi lè bá ara wa sọ̀rọ̀, wáàtì díẹ̀ kín-ín ni sípíkà ń lò gan-an. Wáàtì 30 sí 50 gidi tó, ó sì ṣẹ́ kù.

Wàyí o, kí owó àjọ tó jáde nínú àpò, mo ní iṣẹ́ kan fún arábìnrin wa, iṣẹ́ tí kò ní ná an ní kọ́bọ̀. Kí ó dúró sí àárín pálọ̀ rẹ̀, kí ó sì pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó le. Bí ó bá gbọ́ ìró kan tí ó ń gbọ̀n gìn-ìn-gìn-ìn lẹ́yìn àtẹ́wọ́ náà, pálọ̀ yẹn ni ó ń ba orin rẹ̀ jẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ sípíkà kò tíì sí níbẹ̀. Ẹ wo bí a ti ń kọ́ ilé ní Palmgrove, Shomolu àti Bariga: ògiri búlọ́ọ̀kù, táìlì nílẹ̀, dígí lójú fèrèsé. Gbogbo ìwọ̀nyí ni ó ń ta ohùn padà. Ohùn tí ó jáde láti inú sípíkà yóò gbá ògiri, yóò padà wá bá èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde, ọ̀rọ̀ orin yóò sì wọ́ pọ̀ mọ́ ara wọn. Bí ẹ bá gbé sípíkà tí ó wọ́n jù lọ ní Èkó sínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, ariwo tí ó wọ́n ni ẹ ó gbọ́.

Níbi tí ọ̀ràn dé yìí, ó ti di iṣẹ́ tiwa tí a kọ́ ìmọ̀ ìtọ́jú ilé. Aṣọ ni ó ń gba ohùn mu. Kọ́tìnnì tí ó nípọn, tí a rán ní ìlọ́po méjì ìbú fèrèsé kí ó lè ká wọ́ ara rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ ju èyí tí ó fẹ́lẹ́, tí a nà gbọnrangandan lọ. Rọ́ọ̀gì kan láàárín ibi tí sípíkà wà àti ibi tí a ń jókòó sí yóò pa ìró tí táìlì ń ta padà. Àga onítìmùtìmù ń ṣe púpọ̀. Àga onírọ́bà kò ṣe nǹkan kan. Ṣẹ́ẹ̀fù tí ìwé kún inú rẹ̀ láìdọ́gba dára púpọ̀ ní ògiri ẹ̀yìn, nítorí ó ń fọ́n ohùn ká. Àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń lẹ páálí ẹyin mọ́ ògiri, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni ilé ìgbórin ṣe rí. Ẹ má ṣe dán an wò nínú ilé tí ọmọ wà. Páálí ẹyin kò nípọn tó láti mú ohùn ìlù ńlá, aáyán ń sá sínú rẹ̀, iná sì tètè ń ràn án. Kọ́tìnnì tó gbámúṣé sàn jù ú lọ ní gbogbo ọ̀nà, a sì lè fọ̀ ọ́. Èrè mìíràn tún wà fún ará Palmgrove: kọ́tìnnì tí ó nípọn ní fèrèsé tí ó kọjú sí títì ń dín ariwo ọkọ̀ àti ẹ̀rọ amúnáwá kù díẹ̀, pàápàá bí a bá ti fèrèsé pa. Ẹ kò sì ní máa yí orin sókè mọ́ nítorí pé ẹ fẹ́ borí ariwo títì.

Lẹ́yìn aṣọ ni ìjókòó sípíkà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí mo máa ń wọ̀, orí ilẹ̀ ni mo ti ń bá a, ní kọ̀rọ̀ ògiri, tàbí kí a ti sípíkà méjèèjì mọ́ tẹlifíṣọ̀n lápá kan náà nítorí kí ààyè lè gbà wá. Kọ̀rọ̀ ògiri a máa sọ ohùn ìsàlẹ̀ di wúruwùru. Gbogbo ìlù yóò máa dún bákan náà, gbì, gbì, gbì. Ẹ fà á síwájú kúrò lára ògiri, ó kéré tán ní ìwọ̀n apá kan bí ààyè bá gbà, kí ẹ sì jẹ́ kí sípíkà méjèèjì jìnnà sí ara wọn tó bí wọ́n ti jìnnà sí àga tí ẹ máa ń jókòó sí, bí ààrò mẹ́ta tí ó dúró déédéé. Ibi tí tweeter wà, èyí ni sípíkà kékeré òkè tí ń sọ ohùn tínrín, kí ó wà ní ìbádọ́gba etí ẹni tí ó jókòó. Ẹ tún wo wáyà ẹ̀yìn rẹ̀. Pupa gbọ́dọ̀ lọ sí pupa, dúdú sí dúdú, ní ìhà méjèèjì. Láti ọdún 1925 tí Chester Rice àti Edward Kellogg ti ṣe irú sípíkà tí à ń lò títí di ìsinsìnyí, ọ̀nà kan náà ni ó ń gbà ṣiṣẹ́: iná ń ti pépà inú rẹ̀ síwájú, ó sì ń fà á sẹ́yìn, òun ni ó sì ń ti afẹ́fẹ́. Bí wáyà ẹ̀gbẹ́ kan bá yí padà, nígbà tí ọ̀kan ń ti afẹ́fẹ́, èkejì yóò máa fà á, wọn yóò pa iṣẹ́ ara wọn rẹ́, ohùn ìlù yóò sì pòórá. Mélòó nínú wa ni ó ti ń sọ pé sípíkà òun kò ní ohùn ìsàlẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé wáyà ni ó yí padà!

Kí arábìnrin wa ṣe èyí fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ kékeré náà tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí owó àjọ sì lọ síbi mìíràn. Bí kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó kéré tán yóò ti mọ ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó. Ṣé ohùn ìsàlẹ̀ ni kò tó? Ṣé ọ̀rọ̀ ni kò yé? Ẹni tí kò mọ ohun tí ó ń wá, aláṣọ ni yóò bá a yan aṣọ.

Nígbà tí ó bá ti wá di pé kí a rà á, etí ni kí a fi rà á. Ibí ni mo ti fẹ́ padà sí àpótí ọdún 1935 yẹn. Èdè wa jẹ́ èdè tí ìtumọ̀ rẹ̀ wà lórí ìró òkè àti ìró ìsàlẹ̀. Igbá kì í ṣe ìgbà, ìgbà kì í sì í ṣe igba. Ìlù wa náà ń sọ ọ̀rọ̀ lọ́nà kan náà. Nítorí náà, orin tí gángan ti ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ni ìdánwò tí ó dára jù lọ tí mo mọ̀. Bí sípíkà bá dára, ẹ ó máa gbọ́ ohun tí gángan ń wí, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ìlù tí ń gbè é lẹ́sẹ̀. Bí kò bá dára, gbogbo rẹ̀ yóò di ẹ̀kọ tí ó ṣùpọ̀. Ẹ tẹ́tí sí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀: ṣé ẹ ń gbọ́ bí ilẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ti ń gbá ara igbá, tàbí ó kàn ń dún ṣàà bí epo gbígbóná? Ẹ wá orin tí obìnrin kan ń dá kọ láìsí ìlù púpọ̀, kí ẹ wò ó bóyá ẹ lè máa kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti ń kọ ọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ àwo kan tí gbogbo rẹ̀ pé sí lè mú Juju Music tí King Sunny Adé gbé jáde ní ọdún 1982, nítorí gángan, jìtá lóríṣiríṣi àti jìtá onírin tí a ń fi irin yọ́ lórí okùn rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀ pọ̀, a sì lè mọ̀ kíákíá bí sípíkà bá ń da wọ́n pọ̀. Àwo tí ẹ ti mọ̀ dunjú láti ilé ni kí ẹ mú lọ. Ẹ má ṣe gbà kí ontajà fi orin tirẹ̀ dán an wò fún yín. Ó ti mọ èyí tí ń bo àlébù ọjà rẹ̀.

Ọgbọ́n kan tún wà tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Nínú iṣẹ́ ìwádìí tí Floyd Toole àti Sean Olive gbé jáde ní ọdún 1994, wọ́n ní kí àwọn ènìyàn fi etí ṣe ìdájọ́ sípíkà mélòó kan láìrí wọn, kí wọ́n sì tún ṣe é nígbà tí wọ́n ń rí wọn. Nígbà tí ojú rí ọjà, ìdájọ́ yí padà: èyí tí ó tóbi, tí ó sì rí bí olówó ńlá, gba máàkì sí i, èyí tí ó kéré, tí kò wọ́n, sì pàdánù máàkì. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ sípíkà náà ni ojú tàn jẹ báyìí, mélòómélòó àwa. Nítorí náà, bí ẹ̀yin àti bàbá ọmọ bá dé ìsọ̀, kí ó kọ ẹ̀yìn sí sípíkà méjì tí ẹ ń yàn láàárín wọn, tàbí kí ẹ fi ìborùn yín bo méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi orin kan náà sí i, kí ohùn méjèèjì sì dọ́gba, nítorí èyí tí ó bá ròkè díẹ̀ ni etí máa ń pè ní dídára, ọ̀pọ̀ ontajà sì mọ èyí. Lẹ́yìn èyí, kí ó sọ èyí tí ó wù ú. Ọkọ tí ó bá fi etí ara rẹ̀ yan sípíkà kékeré kò ní lè bá yín jiyàn bí ẹ bá dé ilé.

Nípa ọjà, Alaba International ní Ojo ni ọ̀pọ̀ ará Èkó ń lọ, ọ̀nà sì jìn láti Palmgrove, nítorí náà ẹ fi ọmọ sílẹ̀ sílé, kí ẹ sì tètè jáde. Ẹ ó rí tuntun, ẹ ó rí tòkunbọ̀. Èmi kò lòdì sí tòkunbọ̀. Owó tí kò lè ra sípíkà tuntun tó dára lè ra ògbólógbòó tó dára gan-an. Ṣùgbọ́n kí ẹ yọ aṣọ iwájú rẹ̀, kí ẹ sì wo etí pépà inú rẹ̀. Bí etí náà bá jẹ́ fóòmù, ooru àti ọ̀rinrin Èkó máa ń jẹ ẹ́. Ẹ fi ìka kàn án jẹ́jẹ́, bí ó bá ń rún bí búrẹ́dì gbígbẹ, owó àtúnṣe ti wà níbẹ̀. Èyí tí etí rẹ̀ jẹ́ rọ́bà ń pẹ́ jù. Bí amplifier tí yóò máa fún un ní agbára bá ti Amẹ́ríkà wá, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: bí ó bá jẹ́ pé 110 volt nìkan ni wọ́n kọ sí i, iná ilé wa yóò jó o ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, àfi kí ẹ ra ẹ̀rọ tí ń dín iná kù mọ́ ọn. Kí ẹ sì wo ohm: bí amplifier bá ní òun ń fẹ́ 8, tí sípíkà sì jẹ́ 4, yóò máa gbóná ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ má ṣe sanwó títí tí ẹ ó fi gbọ́ tọ̀tún tòsì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyá ọkọ wá ńkọ́? Ìyá sọ òótọ́, mo sì fẹ́ kí arábìnrin wa kà á sí i létí pé mo wí bẹ́ẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àgbàlagbà lè gbọ́ ohùn tí ó tó 80 decibel fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ láìsí ewu fún etí, ṣùgbọ́n ti ọmọdé kò gbọdọ̀ ju 75 lọ fún wákàtí kan náà. Áàpù wà tí ẹ lè gbé sórí fóònù tí yóò máa wọn èyí fún yín; kì í péye tán, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí a máa méfò lọ. Bí kò bá sí áàpù, bí ẹ bá ní láti gbé ohùn sókè kí ẹni tí ó wà ní ìwọ̀n apá kan sí yín tó lè gbọ́ yín, ó ti pọ̀ jù fún gbogbo ilé. Ọmọ ọwọ́ kò lè sọ pé etí ń dun òun, etí tí ariwo bá sì ti bàjẹ́ kì í padà bọ̀ sípò. Ẹ má ṣe gbé ibùsùn ọmọ sí ẹ̀yìn ògiri tí sípíkà fara tì, nítorí ohùn ìsàlẹ̀ máa ń gba inú ògiri kọjá. Èyí kan aládùúgbò náà. Ìwọ̀n tí àjọ tí ń tọ́jú àyíká ní Ìpínlẹ̀ Èkó, LASEPA, fi lélẹ̀ fún àdúgbò tí ènìyàn ń gbé ni 55 decibel lọ́sàn-án àti 45 lóru, ẹ̀yin tí ẹ sì ń gbé ilé alájà méjì mọ̀ pé ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ ní etí.

Ẹ̀rù tèmi nípa ọmọ tún kan sípíkà tí ń dúró gogoro. Ọmọ tí ó ń kọ́ ìrìn yóò di ohun tí ó bá kọ́kọ́ rí mú, sípíkà gíga tí ìdí rẹ̀ kéré yóò sì wó lù ú. Nínú ilé tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wà, sípíkà kúkúrú lórí ṣẹ́ẹ̀fù tí a kàn mọ́ ògiri ni mo fọwọ́ sí. Ẹ fi wáyà gba ẹ̀yìn àga. Kí ẹ má sì ṣe yọ aṣọ iwájú rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹwà, ìka ọmọdé fẹ́ràn tweeter ju bí ẹ ti rò lọ.

Ó ku ọ̀ràn owó. Home theatre tí ọkọ rẹ̀ rí ní àpótí mẹ́fà nínú, iye owó kan náà ni wọ́n sì pín sára mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bí a bá ná iye yẹn lórí méjì péré, ó hàn gbangba èyí tí yóò dára jù fún ẹni tí orin ni ó fẹ́ gbọ́. Fíìmù ni àpótí mẹ́fà wà fún, bí bàbá ọmọ bá sì fẹ́ràn fíìmù, kí wọ́n sọ ọ́ síta láàárín ara wọn kí wọ́n tó jáde nílé. Ìsọ̀ ontajà kọ́ ni ibi tí tọkọtaya ti ń bẹ̀rẹ̀ irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀. Nínú iye tí ó bá yà sọ́tọ̀, kí ó ná èyí tí ó pọ̀ jù lórí sípíkà, nítorí òun ni ìyàtọ̀ rẹ̀ ń hàn jù sí etí. Amplifier lè jẹ́ tòkunbọ̀ oníwọ̀ntúnwọ̀nsì. Wáyà olówó gọbọi kò pọn dandan rárá. Wáyà bàbà gidi tí ó nípọn díẹ̀, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná ń lò, tó fún pálọ̀ wa. Kí ó má sì ṣe fi ọwọ́ kan owó ilé-ìwé tàbí owó oúnjẹ. Bí àjọ bá kù díẹ̀, kí ó dúró de òmíràn. Orin ọdún 1982 yóò ṣì wà níbẹ̀ lóṣù mẹ́fà òní.

Àwọn sípíkà kékeré ọjọ́sí ńkọ́? Kí ó má ṣe tà wọ́n ní owó pọ́ọ́kú. Kí ó gbé wọn sí yàrá ìdáná, sórí ṣẹ́ẹ̀fù tí ó jìnnà sí sítóòfù, nítorí èéfín epo máa ń lẹ̀ mọ́ pépà inú wọn. Kí ó fi aṣọ gbígbẹ nù wọ́n lọ́ṣẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ó má fi omi kàn wọ́n. Bí ó bá ń ro èbà ní ìrọ̀lẹ́ tí àwọn ọmọ sì ń bá bàbá wọn ṣeré ní pálọ̀, yóò lè máa gbọ́ àwo tirẹ̀ lọ́tọ̀.